“Ìjóná oòrùn” kọ́ ló yẹ ká pè é

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará tí a jọ ń wá orúkọ Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé ká máa pe ìbàjẹ́ tí oòrùn ń ṣe sí awọ ara láti ọdún dé ọdún ní “ìjóná oòrùn”, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Ẹni tí ara rẹ̀ jóná, lọ́jọ́ náà ni yóò mọ̀. Ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí kì í ta èèyàn, ogún ọdún sì lè kọjá kó tó hàn.

Ẹ wo awakọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn dókítà kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 2012. Ẹni ọdún 69 ni, ó sì ti fi ọdún 28 wa ọkọ̀ ẹrù. Òsì ojú rẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ti nípọn, ó ti hunjọ gidigidi. Ọ̀tún kò rí bẹ́ẹ̀. Gíláàsì máa ń dí púpọ̀ nínú ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB, èyí tó ń jó awọ, ṣùgbọ́n irú ìtànṣán kejì, UVA, ń gbà á kọjá, ó sì ń wọ inú awọ lọ, níbi tó ti ń já àwọn okùn tín-ín-rín tó mú kí awọ le, kó sì máa fà. Ìjóná dà níbẹ̀? Àwọn awakọ̀ wa ní Láfẹ́nwá, l’Ábẹ́òkúta, náà, fèrèsé òsì ni wọ́n ń jókòó tì látàárọ̀.

Ará Ìtòkú kan nínú wa mú “ìṣá” wá, torí pé àdìrẹ tí a bá sá sóòrùn jù a máa ṣá. Ó dùn létí, àmọ́ awọ dúdú kì í ṣá bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló sábà máa ń dúdú sí i, tí àbàwọ́n á sì máa yọ káàkiri. “Ogbó oòrùn” sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè rò pé oòrùn fúnra rẹ̀ ló gbó.

“Àpagbó oòrùn” ni mo fara mọ́. Gbogbo wa la ń sọ pé “oòrùn pa mí lónìí”. Bó bá wá pa awọ títí tí awọ fi gbó, àpagbó nìyẹn, bí a ṣe ní àjẹkù àti àlòkù. “Gbó” yẹn gan-an ni mo fẹ́: aṣọ ń gbó, èèyàn ń gbó, kò sì sí èyí tó ń gbó lọ́jọ́ kan.

Nítorí àwọn àfín ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Mẹ́láníìnì, èròjà tó ń mú awọ dúdú tó sì ń dáàbò bò ó, kò tó lára wọn, jẹjẹrẹ awọ sì ń pa púpọ̀ nínú wọn láìtọ́jọ́. Ìyá ọmọ àfín tí a bá ní kó ṣọ́ra fún “ìjóná”, egbò ni yóò máa wò. Bí kò bá rí egbò, á ní kò séwu, ọmọ á sì máa jáde láìdé fìlà, láìwọ aṣọ alápá gígùn. Àmọ́ o, ẹ má jẹ́ ká kó jẹjẹrẹ awọ pọ̀ mọ́ àpagbó. Ó ti ní orúkọ tirẹ̀.

Bí àwọn àgbà Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú tàbí Yewa bá ti ń pe nǹkan yìí lórúkọ kan tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ ká tó dìbò.