Ọmọ tí wọ́n kó lọ sí Kánádà ni sójà yìí àbí ẹlòmíràn?

Onítàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé àtijọ́ tú. Òkúta ìrántí ogun 1914 sí 1918 ní abúlé kan ní Ontario ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó jọ pé ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ jẹ́ ara Home Children, ìyẹn àwọn ọmọdé tí Barnardo's àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú bẹ́ẹ̀ kó láti Ìlú Ọba lọ ṣiṣẹ́ oko ní Kánádà. Ìwé ọkọ̀ òkun ní ọmọ ọdún 11 ni lọ́dún 1909. Fọ́ọ̀mù tó fi wọṣẹ́ sójà lọ́dún 1915 ní ọmọ ọdún 19 ni. Orúkọ bára mu, ọjọ́ orí ò bára mu. Ṣé ẹnì kan náà ni?

Ayékòótọ́:
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni òfin fẹ́, wọn kì í sì í béèrè ìwé ìbí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló fi ọdún kún ọjọ́ orí wọn. Ẹ fi ọjọ́ orí sílẹ̀ ná. Ibi tí wọ́n ti béèrè ìbátan tó sún mọ́ ọn jù nínú fọ́ọ̀mù sójà yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bó bá jẹ́ orúkọ àgbẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, ẹ lọ wá ilé àgbẹ̀ yẹn nínú ìkànìyàn Kánádà ti 1911. Ìwé yẹn ní ibi tí wọ́n ń kọ ọdún tí àlejò wọ ìlú sí. Bí ẹ bá bá ọmọkùnrin yẹn níbẹ̀, tí wọ́n kọ 1909 síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ìyá Fáìlì:
Ẹ̀gbọ́n Onítàn, fọ́ọ̀mù ìwọṣẹ́ olójú ewé méjì yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò tí wọ́n á sì kúrò níbẹ̀. Gbogbo fáìlì sójà kọ̀ọ̀kan ni Library and Archives Canada, ilé àkójọ ìwé ìjọba Kánádà, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà sójà ni kí ẹ fi wá a, pàápàá bó bá ń jẹ́ orúkọ tó wọ́pọ̀ bíi Smith. Ẹ wá káàdì owó oṣù níbẹ̀. Dọ́là 1 lójúmọ́ ni owó iṣẹ́ sójà nígbà náà, wọ́n á fi sẹ́ǹtì 10 owó ojú ogun lé e. Sójà lè ní kí wọ́n máa fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan lóṣooṣù. Ẹni tó ní òun ò ní ìbátan kankan lè máa fowó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní London! Ẹ yẹ ìwé ìhágún rẹ̀ wò náà.

Ayékòótọ́:
Òótọ́ ni. Nígbà tó sì jẹ́ pé ojú ogun ló kú sí, ẹ wá káàdì àmì ẹ̀yẹ. Lọ́dún 1919 ni Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìyá àti opó sójà tó kú ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Memorial Cross. Bí ẹ bá rí orúkọ ìyá àti àdírẹ́sì Ìlú Ọba, kó má yà yín lẹ́nu: púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ló lóbìí, òṣì ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Barnardo's. Ẹ mú orúkọ ìyá yẹn lọ sínú ìkànìyàn England ti 1901. Ọmọ ọdún 2 tàbí 3 ló yẹ kó jẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 4 tàbí 5, a jẹ́ pé sójà yẹn ò purọ́, ẹlòmíràn lẹ rí nínú ìwé ọkọ̀.