Ṣé sọ́fítíwìà lè mú kí prósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù mi tutù lóòótọ́?

AdùnníKámẹ́rà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fídíò ìgbéyàwó ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Pánṣẹ́kẹ́ níbí, abẹ́ páànù gan-an. Prósẹ́sọ̀ Intel Core i5-8250U ló wà nínú láptọ́ọ̀pù mi. Tí mo bá ti gé fídíò tán, tí mo ní kó máa kó o jáde, kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí fáànù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹ̀rọ ìlọta, ibi tí mò ń gbé ọwọ́ òsì lé á sì gbóná débi pé mo máa ń ká aṣọ ìnujú sábẹ́ ọwọ́.

Mo fi HWiNFO, sọ́fítíwìà tó ń fi ooru ẹ̀rọ hàn, wò ó lọ́sàn-án àná: 97, 98, nígbà mìíràn 99 dígírì. Èyí tó dùn mí jù ni pé bó ṣe ń gbóná ló ń falẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 3.2 GHz, kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún á ti já wá sí 1.4. Àwọn tọkọtaya kan so yìgì ní Aké ní Sátidé. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni fídíò tí mo kọ́kọ́ gé fún wọn, wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ló fi kó o jáde, iná tún lọ láàárín rẹ̀. Ohùn ò sì bá àwòrán mu níbì kan, mo ní láti tún un kó jáde. Mo ti ṣèlérí fún ìyá ìyàwó pé á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní Tuesday.

Ẹnì kan ní kí n fi sọ́fítíwìà kan sí i tí wọ́n ní ó máa ń mú CPU, ìyẹn prósẹ́sọ̀, tutù. Àwòrán yìnyín ló kàn ń yí lójú rẹ̀, ìpolówó ọjà ló kù, kò sì dín dígírì kan. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn mo gbé ẹ̀rọ náà fún alátùn-únṣe, ó gbowó, ó ní òun ti nu inú rẹ̀, òun sì ti yí péésì tó ń gba ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀ padà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ibi tó wà náà ló padà sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé sọ́fítíwìà kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní tòótọ́, àbí kí n gbàgbé ẹ̀?

Ẹlẹ́rọLáfẹ́ńwá

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Sọ́fítíwìà kankan kò ní atẹ́gùn nínú. Ohun tó lè ṣe kò ju pé kó dín oúnjẹ prósẹ́sọ̀ kù, torí iná tó ń jẹ ló ń di ooru. 100 dígírì ni Intel fi ààlà sí fún irú tìrẹ. Tó bá ti ń dé ibẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń dín eré kù kó má bàa bàjẹ́. Òun ni ìfàsẹ́yìn tó o rí yẹn.

Èyí tó rọrùn jù: tẹ Windows àti R pọ̀, kọ powercfg.cpl, wọ Change plan settings, kó o wọ advanced, wá Processor power management, sọ Maximum processor state di 99. Ẹyọ kan tó o yọ yẹn ló ń pa Turbo Boost. 1.6 GHz ni tìrẹ gan-an, turbo ló ń gbé e dé 3.4. Fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà, ó tó. Fún fídíò, á tutù o, ṣùgbọ́n á pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn ẹ̀.

ThrottleStop ni kó o lọ wá, sọ́fítíwìà tí wọ́n fi ń tún iná àti eré prósẹ́sọ̀ ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Fóltéèjì lo fẹ́ dín, kì í ṣe eré. Tí fóltéèjì bá ti 1.0 bọ́ sí 0.9 tí eré ò yí padà, iná tí iṣẹ́ náà ń jẹ á di bíi 81 nínú 100, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni fóltéèjì ń wọ ìṣirò náà. Wọ́n máa ń fi fóltéèjì lé díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kí èyí tó lágbára àti èyí tí kò lágbára lè jọ ṣiṣẹ́, ibẹ̀ la ti ń rí ààyè.

Nínú rẹ̀, wọ FIVR, ibi tí wọ́n ti ń yí fóltéèjì padà, yan CPU Core, fi àmì sí Unlock Adjustable Voltage, fi Offset sí -50 mV. Ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún CPU Cache, kí méjèèjì dọ́gba. Yan èyí tó ní kó má tíì tọ́jú fóltéèjì, kó lè jẹ́ pé bó bá dákú, tó o bá tún un tàn á padà sí bó ṣe wà. Lò ó fún ìdajì wákàtí. Tí nǹkan kan ò ṣe é, fi 10 kún un. Ìgbà tó bá dì tàbí tí ojú rẹ̀ di búlúù, o ti kọjá ààyè, fi 20 sẹ́yìn. Jọ̀ọ́, má fi iṣẹ́ oníbàárà tó ò tíì kó sí ibòmíràn dán an wò.

TúnjíAlábàtà

Ẹ̀gbọ́n Adùnní, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọn ò ti ibi tí wọ́n ti ń dín fóltéèjì pa. Lọ́dún 2019 àwọn olùwádìí fi hàn pé èèyàn lè fi dídín fóltéèjì jí àṣírí inú prósẹ́sọ̀ Intel. Plundervolt ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Látìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ BIOS tuntun, ètò tó ń jí ẹ̀rọ nígbà tá a bá tàn án, ti ń tì í pa. Tí ẹ bá rí Locked nínú FIVR, òun nìyẹn. Tèmi wà ní títì. TPL nínú ThrottleStop ni mo wọ̀, mo fi PL1, ìyẹn ààlà iná tó lè máa jẹ lọ títí, sí wáàtì 12 dípò 15, kì í sì kọjá 80 mọ́. Ó falẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́.

AdùnníKámẹ́rà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Wọn ò ti tèmi. -50, ó wá sí 94. -80, ó wá sí 90. Ní -100 ojú rẹ̀ di búlúù lágogo mọ́kànlá alẹ́, àyà mi já, ṣùgbọ́n mo tún un tàn, ó padà wá pérépéré. Mo ti fi í sí -80. Fídíò yẹn kan náà gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá mú páànù, ó ṣì ń dé 95.

ÌyáAládìrẹÌtòkú

Ẹ̀yin ọmọ mi, tèmi tí mo fi ń ya bátánì, AMD ni wọ́n kọ sí i. Ṣé màá lè lo ThrottleStop yìí?

TúnjíAlábàtà

Rárá mà, ti Intel nìkan ni. Ẹ lo 99 tí ẹ̀gbọ́n Láfẹ́ńwá sọ, ó ń ṣiṣẹ́ lórí AMD náà.

Ẹlẹ́rọLáfẹ́ńwá

Adùnní, nígbà tí fáànù bá ń pariwo, na bébà ìnuwọ́ sí ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ṣé ó ń gbọ̀n dáadáa?

AdùnníKámẹ́rà

Kò mira rárá, ẹ̀gbọ́n. Ariwo ńlá, atẹ́gùn kékeré. Mo pa á, mo yọ ìdérí ìsàlẹ̀. Láàárín fáànù àti àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ooru ń gbà jáde, eruku ti dì pọ̀ mọ́ òwú, ó nípọn bí ẹní. Mo fi igi tín-ín-rín tẹ etí rẹ̀ kan, odindi ló ṣí kúrò, àmì àwọn irin náà wà lára rẹ̀ lọ́nà-lọ́nà. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi tó ní òun nu inú ẹ̀rọ, kò dé ibẹ̀ rárá. Ó dùn mí, torí mo gbà á gbọ́.

-80 náà ni mo ṣì ń lò. Lágogo méjì ọ̀sán, 79 dígírì, 2.6 GHz láìyẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mo ti kó o sórí flash, ìyá ìyàwó ní òun á rán ọmọ wá gbà á ní Tuesday kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù.