Igbó ẹbí tó tó hẹ́kítà 40: kí la ó kọ́kọ́ ṣe, kí la ó sì kọ sínú ètò ìtọ́jú rẹ̀?

Ọmọ Òkè Ìdànrè béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Igbó kan wà lọ́wọ́ ẹbí ní ìhà Ìdànrè, hẹ́kítà 40, ìyẹn bí ọgọ́rùn-ún éékà. Odò kékeré kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìdajì rẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àgbà, àmọ́ àwọn agégi ti kó ìrókò àti oganwó inú rẹ̀ lọ. Ìdajì kejì, oko àpatì ló pọ̀ níbẹ̀: ewé Akíntọ́lá bò ó, èkan sì gba apá kan. Àgbẹ̀ mẹ́ta ń ṣe oko kòkó ní etí rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn. Ẹbí ti fẹnu kò pé a ò ní tà á, a ò sì ní jẹ́ kí wọ́n gé e mọ́. A fẹ́ kọ ètò ọdún márùn-ún. Àwọn kan ní ká ra ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọmọ tíkì ká gbìn ín síbi oko àpatì. Kí lẹ rí sí i?

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀:

Ẹ fi tíkì sílẹ̀ ná, ààlà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ pe sọfíyọ̀ tó níwèé àṣẹ, kó ri òpó kọnkéré mọ́ gbogbo igun, kó ya àwòrán ilẹ̀, kó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀. Níbẹ̀ náà ni kó ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ yín ò wọnú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Igbó ọba wà lápá Ìdànrè, èyí kì í ṣe ohun tí ẹ ó fojú di.

Tí ilẹ̀ náà bá gùn ní mítà 800, tó fẹ̀ ní 500, etí rẹ̀ yípo jẹ́ mítà 2,600. Òpó igun nìkan ò tó fún irú ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń rí i láti inú oko. Ẹ gún ẹ̀ka pèrègún tàbí akòko sílẹ̀ nígbà òjò, mítà 5 síra wọn, bí 520 ẹ̀ka. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń hù wéré, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò rí pèrègún tó tò lọ gbọọrọ tí kò ní mọ̀ pé ààlà ni.

Ẹ má lé àwọn oníkòkó. Tí ẹ bá lé wọn, òru ni wọn ó máa wọlé. Ẹ wọn oko kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ jọ kọ ìwé àdéhùn: oko ò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú, wọn ò gbọdọ̀ pa igi ìbòòji, bí igi kòkó bá sì kú, igi igbó ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ máa gbà á, ì báà ṣe iṣu méjì lọ́dún, kẹ́ ẹ sì já ìwé fún un. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹ̀rí pé ẹbí yín ló ni ilẹ̀. Kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan jọ buwọ́ lu àdéhùn náà. Èyí tí olórí ẹbí bá dá buwọ́ lù, àwọn yòókù lè ní kí kóòtù fagi lé e.

Arère àti Ọ̀mọ̀:

Ohun tí Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sọ ló tọ́. Lẹ́yìn ààlà, ẹ ka igi kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan kan.

Kì í ṣe gbogbo igbó lẹ ó kà: ẹ wọn ojú ilẹ̀ mẹ́jọ, mítà 50 sí 50, ìyẹn hẹ́kítà 2, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún igbó yín. Ẹ má yan ibi tó wù yín lójú. Ẹ la ìlà tó dábùú odò, kẹ́ ẹ fi wọ́n sórí rẹ̀ bó ṣe jìnnà sí ara wọn kan náà, torí igi etídò yàtọ̀ sí ti orí òkè. Gbogbo igi tí yíká rẹ̀ bá tó sẹ̀ǹtímítà 32 ni kẹ́ ẹ wọ̀n, níbi tó ga ní mítà 1.3. Igi tí ìdí rẹ̀ bá yọ apá, bí àràbà, ẹ gun òkè apá náà ní sẹ̀ǹtímítà 30 kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n yíká, ẹ fi 3.14 pín in, ìbú igi nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ní igun kan nínú ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ka màjèṣín igi nínú mítà 10 sí 10, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nínú mítà 2 sí 2.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́: téèpù máa ń gùn lé ìtàkùn ara igi, ìwọ̀n á wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, wọ́n á na téèpù tẹ̀ lé ilẹ̀ dípò kí wọ́n gbé e dọ́gba. Orúkọ náà tún ń ṣini lọ́nà. Àfàrà funfun ni Terminalia superba, àfàrà dúdú ni Terminalia ivorensis. Ẹ kọ orúkọ Yorùbá àti ti sáyẹ́ǹsì méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tíkì. Ní mítà 3 sí 3, igi 1,111 ló ń wọ hẹ́kítà kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yín yóò gba bíi hẹ́kítà 9. Oko pákó nìyẹn, kì í ṣe igbó. Abẹ́ tíkì máa ń ṣófo, òjò á máa wẹ ilẹ̀ lọ, ewé rẹ̀ tó gbẹ sì jẹ́ oúnjẹ iná.

Tí òǹkà bá fi hàn pé ọmọ igi tó ga dé orúnkún ò tó 200 nínú hẹ́kítà kan, ìgbà yẹn ni gbígbìn kàn. Ẹ la ìlà tó fẹ̀ ní mítà 2, ìlà sí ìlà mítà 10, igi sí igi mítà 5: igi 200 ní hẹ́kítà kan. Kí ihò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú lóòró. Ẹ gbìn ín láti ìparí Oṣù Karùn-ún sí ìparí Oṣù Kẹfà, kí gbòǹgbò ti múlẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró ní Oṣù Kẹjọ.

Ẹ má to ìrókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò sójú oòrùn. Kòkòrò kékeré kan, Phytolyma, ń mú kí ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ wú di kókó, kókó á jẹrà, orí igi á kú. Oganwó náà ní tiẹ̀: ìdin Hypsipyla á lu orí rẹ̀, igi á pẹ̀ka, kò ní ga mọ́. Ẹ fọ́n àwọn méjèèjì ká sáàárín igi mìíràn, lábẹ́ ìbòòji fẹ́ẹ́rẹ́.

Paná-paná:

Mo rò pé ẹ ò ní nílò ká gbìn púpọ̀. Ẹ wo igbó IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, hẹ́kítà 350. Wọ́n ti dáko sí púpọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967. Àìfọwọ́kàn ló sọ ọ́ di igbó. Malimbus ibadanensis, ẹyẹ ìbátan ẹ̀gà tí kò sí níbòmíràn láyé ju ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ, ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ má fín oògùn sí Akíntọ́lá. Òun ló ń fi ìbòòji pa èkan fún yín. Ẹ ri igi wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbogbo ọmọ igi tí ẹ bá rí lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ro ìdí wọn yíká ní sẹ̀ǹtímítà 50, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Bí orí igi bá ti pàdé, Akíntọ́lá á kú fúnra rẹ̀. Èkan ní tiẹ̀, ẹ má gé e, torí ó máa ń sọ jáde lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó ká.

Iná ló lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ ro ọ̀nà tí iná ò ní lè sọdá, kó fẹ̀ ní mítà 6, títí dé erùpẹ̀ ní ìparí Oṣù Kọkànlá, lẹ́bàá oko àti èkan nìkan. Ẹ má là á yí igbó àgbà ká. Igbó tó dí kì í sábà jó, bí ẹ bá ṣí etí rẹ̀, ṣe lẹ ó mú un gbẹ. Ẹ sì padà gbá a ní àárín Oṣù Kìíní. Ọ̀pọ̀ kì í padà, ewé tí ọyẹ́ gbọ̀n sílẹ̀ á ti bo ọ̀nà náà, iná á gba orí ewé sọdá.

Ọmọ Òkè Ìdànrè:

Ẹ ṣé gan-an ni. Àwọn ọdẹ ńkọ́? Ọmọ ẹbí làwọn kan nínú wọn. Owó ọdọọdún náà ń dààmú wa. Ẹnìkan ní ká lọ ta kábọ́ọ̀nù, ìyẹn ká gbowó lórí kábọ́ọ̀nù tí igi ń fà mọ́ra látinú afẹ́fẹ́.

Ìda Oyin:

Hẹ́kítà 40 kéré fún ọjà kábọ́ọ̀nù, owó àyẹ̀wò nìkan lè ju èrè lọ. Etí igbó ni kẹ́ ẹ ti wá owó, kì í ṣe àárín. Kí igbó àgbà àti mítà 30 lọ́tùn-ún lósì odò jẹ́ ibi àìfọwọ́kàn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ètò bẹ́ẹ̀.

Ewé eéran ń tà. Kí wọ́n gé èyí tó gbó, kí wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ lórí gbogbo ìdí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣa ìgbín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tó ń yé. Ilé oyin, kí igi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tò sórí rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 32 géérégé. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oyin á mọ afárá dábùú, kò ní ṣeé yọ. Ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ mítà 1, kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì dúdú pa ẹsẹ̀ náà nítorí ìjàlọ, kẹ́ ẹ sì fi ìda pa inú rẹ̀ kí oyin lè wọlé.

Àwọn ọdẹ ẹbí ni kẹ́ ẹ gbà ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹni méjì-méjì, kí wọ́n máa yí ọ̀nà padà. Ẹ san owó fún ìrìn tí fóònù wọn bá fi hàn, ẹ má san án fún ẹni tí wọ́n bá mú. Bí ẹ bá ń sanwó fún mímú, ẹjọ́ èké á bẹ̀rẹ̀. Òkété àti ọ̀yà inú oko kò kàn yín. Edun, ìgalà àti ẹtu inú igbó ni kí wọ́n fi sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ tún ojú ilẹ̀ mẹ́jọ yẹn kà ní ọdún karùn-ún. Ìṣó alumíníọ̀mù ni kẹ́ ẹ fi kan nọ́ńbà mọ́ igi, irin á dógùn-ún. Ẹ kàn án ní sẹ̀ǹtímítà 30 sókè ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀n, kẹ́ ẹ sì fi ìdajì ìṣó sílẹ̀ síta, kí igi má baà gbé nọ́ńbà náà mì bó ṣe ń sanra.