Ìwẹyẹ kẹ̀? Ta ló ń wẹ ẹyẹ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Arábìnrin wa tó ń gbé Láfẹ́nwá kọ ọ́ síbí pé láti ìgbà tí ìyá òun ti papòdà, ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé lòun ń jókòó wò láàárọ̀ kí ọkàn òun tó rọlẹ̀. Ó wá bèèrè ohun tí à bá máa pe irú ìtura bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa dá a lóhùn pé "ìwẹyẹ" ni, láti ara "wò" àti "ẹyẹ".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ pè é sókè kí etí yín gbọ́ ọ. "Wò", ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bí àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ó di ohùn àárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni "wẹ̀" ń ṣe. Ẹ wá pa fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ, "wẹyẹ" ló kù nínú méjèèjì. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ló máa gbọ́ ìwẹyẹ tí kò ní bèèrè ọṣẹ àti kànìnkànìn? Ẹ ní àmì ohùn á yanjú ẹ̀. Àmì wo, nígbà tí ohùn méjèèjì ti di ọ̀kan?

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an lẹ pa jẹ. "Wò" yìí ló wà nínú ìwòsàn, òun la fi ń wo aláìsàn. "Ẹyẹ-wíwò" ni ká pè é, kí "wò" jókòó síbi tójú ti lè rí i.

Ẹ̀gà ló kún inú ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbarà. Akọ ló ń hun ìtẹ́. Á fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á so ó kọ́, á wá dojú ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kọ ilẹ̀. Abo á wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá wù ú, akọ á tú gbogbo ẹ̀ ká, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ariwo wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ àdúrà ara ẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá fi máa dìde níbẹ̀, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn á ti fúyẹ́. Jésù gan-an ní ká wo ẹyẹ ojú ọ̀run, kò ní ká wẹ̀ wọ́n.

Ẹni tó ń bèèrè ibi tí mo ti kọ́ Yorùbá, Abẹ́òkúta ni, níbi tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ní 1859. Bàbá mi àgbà ò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n bí lékeléke bá ń kọjá lórí odò Ògùn, táwa ọmọdé ń na ìka sókè kí wọ́n fún wa ní funfun èékánná, òun náà á na tiẹ̀. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀! Kò wá orúkọ kankan fún un.

Ní ti ará Ìbàdàn tó ní ọ̀kan náà ni ẹ̀gà àti ológoṣẹ́, mi ò tíì gbà o. Abẹ́ òrùlé àti inú ihò ni ológoṣẹ́ ń yé sí. Kó fi èyí tó so ilé rọ̀ sórí ọ̀pẹ hàn mí ná.