Fìlà híhun ìgbà òtútù: èwo ni ká rà, báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà òtútù o. Mo fẹ́ ra fìlà híhun. Ẹnìkan ní kí n ra ti irun àgùntàn, ẹlòmíràn ní kí n yẹra fún un, pé ó máa ń súnkì bí a bá fọ̀ ọ́, ó sì máa ń já irun orí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Èsì: Àbúrò, ra ti irun àgùntàn. Sísúnkì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́ yẹn gan-an ni àwọn aṣefìlà àtijọ́ ń wá. Ní Monmouth, ní ilẹ̀ Wales, wọ́n á hun fìlà yíká láìsí ojú rírán, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á sì máa lù ú títí irun náà yóò fi lẹ̀ mọ́ra, tí ojú híhun kò ní hàn mọ́. Atẹ́gùn àti òjò kì í tètè ráyè wọ irú fìlà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn atukọ̀ àti ọmọ ogun fi ń dé e. Láti dáàbò bo iṣẹ́ náà, wọ́n ṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1571 pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lé lọ́mọ ọdún 6, yàtọ̀ sí àwọn ọlọ́lá àti àwọn obìnrin kan, gbọ́dọ̀ dé fìlà irun àgùntàn híhun lọ́jọ́ Ìsinmi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò san ìtanràn ṣílè 3 àti pẹ́ǹsì 4. Wọ́n fagi lé e ní 1597. Ta ni yóò máa yẹ orí gbogbo ayé wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ bíi ti ẹja. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti fífún ló ń mú kí ìpẹ́ náà kọ́ra wọn. Nítorí náà, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí o fi fọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Má ṣe fún un. Ká a sínú aṣọ ìnura, tẹ̀ ẹ́ kí omi jáde, kí o sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Ti acrylic, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, kò ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n kì í fa òógùn mu.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Irun orí mi wá ńkọ́? Ṣé èyí tó bo etí sì pọndandan?

Èsì: Rán aṣọ sátíìnì tó ń yọ̀ sí inú rẹ̀, irun rẹ kò ní tètè já. Ní ti etí, àwọn ará òkè Andes ní Peru àti Bolivia ti yanjú ìyẹn tipẹ́: chullo wọn, tí wọ́n ń fi irun ẹran ọ̀sìn tó ń jẹ́ alpaca hun, ní apá méjì tó bo etí. Èyí tó bo ojú àti ọrùn, balaclava, gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú tí wọ́n ti jagun ní Crimea ní 1854. Nínú otútù líle nìkan ni mo lè gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀. Bí o bá ń ra fìlà híhun rẹ, mú èyí tó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 3 kéré sí orí rẹ, nítorí ohun híhun a máa nà. Sátíìnì kì í nà ní tirẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n orí rẹ gan-an ni kí o gé e sí.