Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì jíìpù mi ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo béèrè èwo ló yẹ jíìpù oní-dísẹ́ẹ̀lì mi tó ń wọ ẹrẹ̀ lọ sóko l'Ẹ̀pẹ́, nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50 àti 15W-40 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó). 15W-40 ni, bó ṣe wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ẹni tó ní kí n wo ara kéègì, ẹ ṣeun gan-an ni: àmì ọ́ìlì tó bá fi lẹ́tà C bẹ̀rẹ̀ ni ti dísẹ́ẹ̀lì, S ni ti pẹtiróòlù, S ni mo sì ti ń rọ tẹ́lẹ̀. CI-4 ni mo rà báyìí. Ariwo tó máa ń pa láàárọ̀ ti dínkù. Mẹkáníìkì tú fílítà afẹ́fẹ́, eruku ti dí i pa. A pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ti rin 5,000 kìlómítà, mà á tún ọ́ìlì rọ.