Bíléèdì tuntun tí mo fi síwájú katakata kékeré mi kò ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àgbẹ̀ Ìsarà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni mo fi gbé e wá síbí. Òjò ti ba ọ̀nà tó wọ oko wa jẹ́, débi pé ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ síbi tí a ti ń yan gààrí kì í fẹ́ wọlé mọ́. Àwa mẹ́rin la jọ ń lo ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń náwó sí i. Ẹni tí oko rẹ̀ kángun sí tèmi ní kí n máa tún un ṣe lọ, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo ní katakata. Katakata kékeré tí wọ́n fi ń gé koríko àyíká ilé ní Amẹ́ríkà ni, àbúrò mi ló fi í ránṣẹ́ nínú kọ̀ntánà pẹ̀lú bíléèdì tí wọ́n fi ń ti òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà. Bíléèdì náà kéré, mo sì ní kí wẹ́dà kan ṣe èyí tó tóbi fún mi. Owó gọbọi ló gbà, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta falẹ̀. Ní báyìí, táyà ẹ̀yìn kàn ń yí lójú kan ni, erùpẹ̀ kò lọ. Kí ni kí n ṣe?

Mẹkáníìkì Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kò tíì sọ ohun tó yẹ kí a mọ̀. Báwo ni bíléèdì àtijọ́ ṣe fẹ̀ tó, báwo sì ni tuntun ṣe fẹ̀ tó? Ṣé jíà ni katakata náà ń lò, àbí èyí tí ọ́ìlì ń yí táyà rẹ̀ ni? Ibo ni wọ́n de ìdí bíléèdì náà mọ́?

Ìyá Onígààrí Ìjẹ̀bú-Igbó: Ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ jọ ń lo ọ̀nà yẹn ló dùn mí jù. Èmi nìkan ni mò ń ra òkúta dí kòtò ọ̀nà tiwa náà, títí mo fi pe gbogbo wọn jókòó níwájú baálẹ̀, tí olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lóṣooṣù. Ẹ pè wọ́n jókòó kí ẹ tó tún ná kọ́bọ̀ kan.

Wẹ́dà Ṣágámù: Ẹ má kánjú dá wẹ́dà lẹ́bi, ohun tí oníbàárà bá ní ká ṣe la ń ṣe. Òjò dídì ni wọ́n ṣe irú bíléèdì yẹn fún, kò sì jọ ilẹ̀ pupa tiwa rárá. Bí a bá da òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, ó lè má ju kílò 100 lọ. Erùpẹ̀ tó ti mu omi yóò ju kílò 1,500 lọ nínú àpótí kan náà.

Àgbẹ̀ Ìsarà: Ẹ má rò pé n kò ronú kí n tó ṣe é. Íǹṣì 42 ni ti àtijọ́, tuntun jẹ́ 60. Nígbà tí mo bá yí ti àtijọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí erùpẹ̀ lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, táyà á máa gun orí erùpẹ̀ tó kó jọ. Ní ti wẹ́dà yẹn, mo ti sanwó tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Mẹkáníìkì Ìjẹ̀bú-Òde: Òótọ́ lẹ rí. Bíléèdì 42 tí a bá yí ní dígíríì 30 kì í gbá ju nǹkan bí íǹṣì 36 lọ, táyà irú katakata yẹn sì lè gba 40 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n 48 yóò gbá íǹṣì 41 àti ààbọ̀, ó ti tó. Ẹ gé íǹṣì mẹ́fà kúrò lọ́tùn-ún, kí ẹ gé mẹ́fà kúrò lósì, kí ẹ sì bu omi sínú táyà ẹ̀yìn kí ó lè di ilẹ̀ mú, torí pé lítà omi kan jẹ́ kílò kan.

Àgbà Ìpẹru: N kò fara mọ́ omi, yóò dípẹtà sí irin táyà. Kọnkéré ni kí ẹ dà sínú garawa, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn.

Mẹkáníìkì Ìjẹ̀bú-Òde: Bàbá, ẹ má bínú, bí tíúùbù bá wà nínú táyà, omi kò ní kan irin. Ẹrù tí a so kọ́ ẹ̀yìn ló ń mú kí iwájú fúyẹ́, tí kò fi ní gbọ́ràn bí a bá fẹ́ yà.

Àgbà Ìpẹru: Pẹ̀lú irin íǹṣì 60 níwájú, báwo ni iwájú yóò ṣe fúyẹ́?

Wẹ́dà Ṣágámù: Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Sípíríńgì máa ń wà lẹ́yìn bíléèdì bẹ́ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó dorí kodò fúnra rẹ̀ bó bá kọlu òkúta. Ṣé ó wà lára tuntun?

Àgbẹ̀ Ìsarà: Ti àtijọ́ ni a kọ́kọ́ tú sí i, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni bíléèdì ń dorí kodò, mo wá ní kí wọ́n jó ojú rẹ̀ pọ̀ kí ó má lè mira mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kọlu kùkùté ọ̀pẹ tí erùpẹ̀ bò. Ẹ̀rọ náà dúró gbagidi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wà á sì fi àyà gbá sítíárìn. Ó ní ó ṣì ń dun òun bí òun bá mí kanlẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni ṣáásí iwájú ti sán.

Àgbà Ìpẹru: Ẹ fi bíléèdì sílẹ̀ ná! Ṣé ẹ ti gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù? Eegun ìhà rẹ̀ lè ti sán, ẹ sì ń bi wá ní ọ̀rọ̀ táyà láti òwúrọ̀.

Wẹ́dà Ṣágámù: Ohun tí bàbá sọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má gun katakata yẹn mọ́ títí ẹ ó fi tú ibi tí wọ́n jó pọ̀, tí ẹ ó sì fi irin gígùn gbé agbára ìtì náà dé ìdí táyà ẹ̀yìn, dípò ṣáásí iwájú nìkan. Ilẹ̀ tó le gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara gba ọkọ́, kí bíléèdì má sì máa gé ju sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan.

Àgbẹ̀ Ìsarà: Mo rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀ ni n kò fi mẹ́nu bà á. Mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ katakata, a ó gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù lónìí. Wẹ́dà Ṣágámù, bí mo bá gbé bíléèdì náà wá lọ́jọ́ Sátidé, ṣé ẹ lè bá mi gé e sí 48, kí ẹ sì dá sípíríńgì rẹ̀ padà?